Vape ní gbangba l'Ógbómọ̀ṣọ́: kí ló ń ṣe sí ojú tí àwa tí kì í mu sìgá fi ń wo sìgá?

#1 Ọmọ_Ajílété

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká jọ rò.

Nínú àwọn gbọ̀ngàn àríyá ìlú wa, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé "A kò gbọdọ̀ mu sìgá níbí." Àwọn ènìyàn sì ń pa á mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu sìgá á rọra jáde lọ sẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n tí ìlù bá ti wọra, ẹ ó rí ọ̀dọ́ tó yọ vape (sìgá oníbátìrì) lápò níbi tó jókòó sí, tó fà á, tó tú kùrukùru funfun sórí tábìlì tí oúnjẹ wà, kò sì sẹ́ni tó máa wí nǹkan kan. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń ní òórùn rẹ̀ dùn. Bákan náà ló rí ní àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi Under-G, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, àti níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Mi ò bèèrè nípa ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń fà á, àwọn dókítà ń sọ ìyẹn. Àwa tá à ń wò ó ni mò ń bèèrè nípa wa, pàápàá ọmọ ọdún 13 sí 16. Bí wọ́n ṣe ń rí i lójoojúmọ́ yìí, ṣé sìgá fúnra rẹ̀ ò ní máa fúyẹ́ lójú wọn? Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó gbọ̀ngàn kan sì fẹ́ tún òfin rẹ̀ kọ. Kí ni kí wọ́n kọ, báwo ni wọ́n ṣe máa mú un ṣẹ láìdá ìjà sílẹ̀ lóde ìnáwó?

#2 Onímọ̀_Wáyà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú ń rí.

Bátìrì lithium wà nínú vape, irú ti fóònù, nǹkan bíi fóltì 3.7. Wáyà tín-ínrín kan tí wọ́n lọ́ wà níbẹ̀ tí à ń pè ní kọ́ìlì. Òwú yí i ká, òwú náà sì rin gbingbin sínú omi. Omi yẹn ní propylene glycol (omi kẹ́míkà kan, glycol ní kúkúrú), gilisirín, èròjà adùn, àti nikotíìnì (èròjà inú tábà tó ń di bárakú) nínú. Tí ènìyàn bá ti fà á, ohun kékeré kan tó ń mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń kọjá á tan bátìrì, kọ́ìlì á gbóná dé nǹkan bíi 200 sí 250°C, omi ara òwú á di ooru. Bí ooru náà bá ti pàdé afẹ́fẹ́ tó tutù, á di ẹ̀kán omi kéékèèké. Kùrukùru tí ẹ̀ ń rí nìyẹn. Nǹkan kan ò jó níbẹ̀, ìdí nìyí tí kò fi sí eérú, tí òórùn kò fi lẹ̀ mọ́ aṣọ òkè, tí kùrukùru náà sì ń pòórá kíákíá. Èéfín sìgá máa ń dúró sínú yàrá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Gilisirín ló ń mú kùrukùru ki. Omi tó ní gilisirín 70 sí glycol 30 á tú èyí tó bo ojú. 50 sí 50 á fẹ́lẹ́. Gilisirín tí à ń fi pa ètè lásìkò ọyẹ́ náà ni. Ẹ̀rọ tó ń tú kùrukùru sẹ́sẹ̀ ìyàwó nígbà ijó àkọ́kọ́ náà, glycol tàbí gilisirín ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Mo rò pé ó wà lára ìdí tí vape kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu lóde àríyá: ojú ti mọ kùrukùru gẹ́gẹ́ bí ara ìdùnnú. Ṣùgbọ́n ti ìyàwó kò ní nikotíìnì, kò sì kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀fóró ẹnì kan kó tó kàn yín.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́: tí omi bá tán tí òwú sì gbẹ, kọ́ìlì á jó òwú, adùn á di kíkorò, formaldehyde (gáàsì olóró kan) á jáde. Tí kọ́ìlì bá ti gbó, òkúta wẹ́wẹ́ irin bíi nickel lè bá kùrukùru jáde. Nítorí náà, "omi lásán ni" kì í ṣe òótọ́.

#3 Nọ́ọ̀sì_ÒkèẸlẹ́rìn

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Gbólóhùn kan ló ń ba ojú àwọn ènìyàn jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí: "Ó sàn ju sìgá lọ."

Òótọ́ ni fún ẹni tó ń mu sìgá tó sì yí padà sí i pátápátá, nítorí ọ̀dà àti carbon monoxide (gáàsì olóró) tí sìgá ń tú jáde nígbà tó bá ń jó ni olórí ohun tó ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í mu nǹkan kan kò ní sìgá tó máa fi wé e. Afẹ́fẹ́ ló ní, vape kò sì sàn ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìyá tó bá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ lóde àríyá pé "èyí kò burú tó sìgá" ti bá ọmọ náà jókòó sáàárín àwọn amùsìgá láìmọ̀. Ó ti fún un ní ìwọ̀n tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun kejì ni òórùn. Kí ọmọ tó mọ ohun tí jẹjẹrẹ jẹ́, imú rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ́ ọ láti kórìíra sìgá: ó ń rùn, ó ń ta ojú, ó ń mú ènìyàn wúkọ́. Vape tó ń rùn bíi máńgòrò tàbí súwíìtì mú olùkọ́ yẹn kúrò. Ohun tó kù fún ọmọ náà ni ọwọ́ tó lọ sẹ́nu, ẹnu tó tú funfun jáde, àti àgbàlagbà tó ń rẹ́rìn-ín.

Nípa nikotíìnì inú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gbà ju mg 20 lọ nínú ml kan, ibi tí omi ń wà kò sì gbọdọ̀ ju ml 2 lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mg 40. Àwọn tó ń kọ "5%" sára rẹ̀ ní mg 50 nínú ml kan. Tí omi inú rẹ̀ bá jẹ́ ml 10, mg 500 ni ọmọ gbé sápò. Sìgá kan, nǹkan bíi mg 1 sí 1.5 ló ń wọ ara ẹni tó mu ún. Kì í ṣe gbogbo mg 500 ló máa wọ ara, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé nǹkan náà kì í ṣe eré ọmọdé.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá: bí ọmọ kékeré bá gbé omi yìí mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò tàbí vape náà dání kí wọ́n lè rí iye nikotíìnì tó wà nínú rẹ̀. Bó bá dà sí ara, omi àti ọṣẹ púpọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Èébì, òógùn, itọ́ púpọ̀, àyà tó ń lù kìkì ni àmì rẹ̀.

#4 Ìwé_Ìwádìí

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni kí n dáhùn, nítorí wọ́n ti dán an wò.

Ní Yunifásítì Chicago, Andrea King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2015 nínú ìwé àtìgbàdégbà Tobacco Control. Wọ́n mú kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu sìgá bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹni yẹn sì ń fa vape láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Wíwò lásán gbé ìfẹ́ sìgá dìde nínú wọn, kì í ṣe ìfẹ́ vape nìkan. Torí náà ojú kò ya méjèèjì sọ́tọ̀: ìṣesí kan náà ni.

Ẹ kíyè sí i pé amùsìgá ni wọ́n dán wò. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí kò mu ún rí. Lórí àwọn yẹn, Samir Soneji àti àwọn mìíràn kó oríṣiríṣi ìwádìí jọ ní 2017 lórí àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì mu sìgá rí. Àwọn tó ti tọ́ vape wò bẹ̀rẹ̀ sìgá lẹ́yìn náà ní ìlọ́po tó ju mẹ́ta lọ sí àwọn tí kò tọ́ ọ wò. Àríyànjiyàn wà níbẹ̀, nítorí ọmọ tó bá ti fẹ́ràn láti dán nǹkan wò lè dán méjèèjì wò láìjẹ́ pé ọ̀kan fa èkejì.

#5 Ọ̀nà_Àbáyọ

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dúró sápá kejì díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àkọ́kọ́, ní Amẹ́ríkà, ìdá 15.8 nínú 100 àwọn ọmọ iléèwé girama àgbà ló ń mu sìgá ní 2011. Ní 2023 ó ti wálẹ̀ sí 1.9. Láàárín ìgbà kan náà ni vape gòkè dé 27.5 ní 2019 kó tó wálẹ̀. Tí rírí vape bá ń sọ sìgá di ohun tó dára lójú ọmọ, báwo ni sìgá ṣe wá ń ṣubú bẹ́ẹ̀?

Èkejì, ní 2019, Peter Hajek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba fi vape wé àwọn oògùn nikotíìnì (bíi èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara àti èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu) fún amùsìgá 886. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 18 nínú 100 àwọn tó lo vape ló ti jáwọ́ sìgá. Ti àwọn tó kù jẹ́ 9.9. Ẹni tó ti mu sìgá fún ogún ọdún l'Ógbómọ̀ṣọ́ yìí, tó ń wá ọ̀nà àtijáwọ́, ẹ má sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀.

#6 Ìwé_Ìwádìí

Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà yín péye. Ẹ jẹ́ ká wá gbé e sílẹ̀ wa. Ní 2012, ìwádìí GATS (ìwádìí àgbáyé lórí bí àgbàlagbà ṣe ń lo tábà) tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà rí i pé ìdá 5.6 nínú 100 àgbàlagbà ló ń lo tábà: 10 nínú 100 ọkùnrin, 1.1 nínú 100 obìnrin. Sìgá pọ̀ ní Amẹ́ríkà, vape sì rí àyè tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Níhìn-ín, kí ni vape fẹ́ gbapò rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin 99 tí kò lo nǹkan kan? Afẹ́fẹ́ tí nọ́ọ̀sì sọ ni.

Ohun tó ń dáàbò bo àwọn obìnrin wa àti ọmọ wa ni pé ìtìjú wà nídìí sìgá, ẹni tó ń mu ún sì ń fara pamọ́. Òfin kò ṣe tó ìyẹn. Tí a bá jẹ́ kí ìfarapamọ́ yẹn tú, kò sí ìpolówó tí ìjọba máa ṣe tó máa dá a padà kíákíá.

#7 Ọmọ_Ìjẹ̀rù

Aáṣáà ńkọ́? Àwọn ìyá àgbà wa ń lo aáṣáà lójú gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní amùsìgá. Obìnrin tó bá tan sìgá níbẹ̀ á kan àbùkù. Tábà náà sì ni, irú èyí tí wọ́n ń gbìn l'Ókè-Ògùn.

#8 Nọ́ọ̀sì_ÒkèẸlẹ́rìn

Ẹ ti fọwọ́ kàn án gan-an, Ọmọ_Ìjẹ̀rù. Láti ayébáyé la ti ń ya nikotíìnì sọ́tọ̀ kúrò lára sìgá nínú ìdájọ́ wa. Èyí tó ń jó, tó ń rùn, là ń bẹnu àtẹ́ lù. Èyí tí kò jó, à ń fojú fò ó.

Ó sì yanjú ohun tí Ọ̀nà_Àbáyọ béèrè. Tí ọmọ bá rí vape àti sìgá lójú kan náà, sìgá tún máa burú sí i lójú rẹ̀: ó ń rùn, ó ti di ti àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n nikotíìnì ti wọ aṣọ tuntun. Tí ẹ bá bi í pé "Ṣé sìgá dára?" á ní kò dára. Ẹ bi í pé "Ṣé wàá fa èyí tó ń rùn bíi súwíìtì?" á dákẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ojú tí ènìyàn fi ń wo sìgá nìkan ṣe ìwọ̀n kò ní rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè ìbéèrè kejì yẹn nílé.

#9 Olùkọ́_Apáke

Fún àwọn olùkọ́ àti òbí. Vape tí à ń sọ̀nù lẹ́yìn ìlò lè rí bíi báírò, bíi flash tí à ń fi sí kọ̀ǹpútà, tàbí bíi páálí súwíìtì kékeré. Ẹ wo ìdí rẹ̀ fún ihò tí à ń fi okùn ṣájà fóònù sí, ẹ wo orí rẹ̀ fún ihò tí ẹnu ń gbà. Iná kékeré máa ń tàn bí wọ́n bá fà á. Òórùn èso tó gba inú kíláàsì kan lójijì, tó sì lọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láìsí ẹni tó ń jẹ èso, jẹ́ àmì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ìkìlọ̀ ni kí olùkọ́ sọ fún ọmọ pé "vape àti sìgá, ọ̀kan náà ni." Ọmọ náà á wo fóònù rẹ̀, á rí i pé kì í ṣe ọ̀kan náà, láti ọjọ́ yẹn kò ní gba nǹkan mìíràn gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ yẹn. Ẹ sọ ohun tó jẹ́ òótọ́: kò ní ọ̀dà bíi sìgá, ṣùgbọ́n nikotíìnì wà nínú rẹ̀, nikotíìnì ń di bárakú, ọpọlọ ènìyàn ṣì ń dàgbà títí dé nǹkan bí ọdún 25, bárakú sì tètè ń di ọmọ mú ju àgbà lọ. Ẹ fi vape tó ti ṣófo hàn wọ́n, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pẹ̀lú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe ìṣirò mg tí nọ́ọ̀sì ṣe lókè. Ìṣirò yẹn máa ń wọ ọ̀dọ́ létí ju ìbáwí lọ.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ikú tí kò bá a mu dẹ́rù bà wọ́n. Àwọn ènìyàn 68 tó kú ní Amẹ́ríkà nítorí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó jẹ mọ́ vape ní 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020, òróró vitamin E acetate tí wọ́n pò mọ́ omi igbó ni wọ́n rí pé ó wà nídìí ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó kan ẹni tó ń ra omi tí kò mọ orísun rẹ̀, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

#10 Amòfin_Ìlú

Ní kúkúrú. Òfin tó ń darí tábà ní Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015, ka mímu sìgá léèwọ̀ níléèwé, nílé ìwòsàn àti nínú ọkọ̀ èrò. Kò sì gba títa tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ìlànà rẹ̀ jáde ní 2019. Tábà ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ òfin náà, nítorí náà kí ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn yín má gbára lé e pé ó ti bo vape. Gbọ̀ngàn aládàáni ní ẹ̀tọ́ láti ṣe òfin tirẹ̀ lórí ohun tí àlejò lè ṣe nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn tí ẹni tó gba gbọ̀ngàn ń buwọ́ lù. Ibẹ̀ ni agbára yín wà, ara ògiri kọ́.

Ìjọba náà ti gbà pé ohun tí ojú ń rí ṣe pàtàkì. Ní 2024, NFVCB, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, ṣe ìlànà lòdì sí fífi tábà àti ohun tó ní nikotíìnì ṣe ẹ̀yẹ nínú fíìmù, fídíò orin àti skit.

#11 Ọmọ_Ajílété

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo kọ fún ìgbìmọ̀ nìyí, ẹ bá mi tún un ṣe:

"A kò gbọdọ̀ mu sìgá, vape, ṣíṣà, tàbí ohunkóhun tó ń tú èéfín tàbí kùrukùru jáde lẹ́nu, nínú gbọ̀ngàn yìí, lábẹ́ kánópì, tàbí lẹ́nu ọ̀nà. Àyè wà lẹ́yìn ilé fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹni tó gba gbọ̀ngàn ló máa sọ fún àwọn àlejò rẹ̀."

#12 Ẹ̀ṣọ́_Àríyá

Ó dára. Ẹ fi àwòrán sí i, sìgá àti vape lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa dúró kàwé. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ibi tí DJ wà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á jù.

Lórí bó ṣe máa ṣẹ: kí MC kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, kí oúnjẹ tó jáde. Tí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìlù á ti gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Tí ẹnì kan bá fà á, kí ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo lọ bá a, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kó sọ ọ́ létí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àyè rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ." Kó má gba vape lọ́wọ́ rẹ̀ o, ìjà ló ń dà. Kó má sì sọ ọ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tó bá kọ̀, ọmọ ìdílé tó gba gbọ̀ngàn ni kí ẹ̀ṣọ́ lọ pè, torí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ ló máa gbọ́ tirẹ̀.

#13 Ọ̀nà_Àbáyọ

Mo fara mọ́ òfin yẹn. Àtúnṣe kan péré: ẹ má ṣe fi àyè kan náà sí i fún sìgá àti vape. Ẹni tó ń fi vape jáwọ́ sìgá, tí ẹ bá ní kó lọ dúró sáàárín àwọn tó ń mu sìgá, òórùn yẹn àti ọwọ́ ẹni tó ń na páálí sí i á tètè dá a padà. Igun méjì ni kí ẹ ṣe, kí igun méjèèjì jìnnà sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ àti dísù wà, kó sì jẹ́ ibi tí àwọn ọmọdé tó ń ṣeré kò ti ní máa rí wọn.

#14 Onímọ̀_Wáyà

Kí ẹ sì gbé agolo kan tó ní ìdérí sí igun vape yẹn, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀, fún àwọn èyí tó ti tán. Ẹni tó ń gbá ilẹ̀ lẹ́yìn àríyá máa ń kó gbogbo pàǹtí pọ̀, á sì finá sí i lẹ́yìn ilé. Bátìrì lithium tí iná bá kàn máa ń bú, ó sì lè fọ́n iná sára ènìyàn. Ẹ sọ fún ẹni tó ń kó pàǹtí pé bátìrì wà nínú agolo náà, kó má dà á pọ̀ mọ́ ìyókù.